Aránṣọ Tó Fẹ́ Wọn Ọmọ Inú

Bí ènìyàn bá ń wá ẹni tí kì í gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá wọ̀n ọ́n, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Oníwọ̀n. Aránṣọ ni ìyá náà, aṣọ ọmọdé ló sì mọ̀ ọ́n rán jù. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ń bá a lọ sí ilé ìsìn, ó ń bá a dúró láàárín àwọn akọrin, ọjọ́ kan tilẹ̀ wà tí àlùfáà gbọ́wọ́ lé e lórí láti gbàdúrà, nígbà tó fi máa ṣe àmín, téèpù ti lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. "Ojú a máa purọ́," ni ìyá náà máa ń wí fún àwọn oníbàárà rẹ̀. "Téèpù kì í purọ́. Na apá rẹ dáadáa."

Nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lóyún, ayọ̀ Ìyá Oníwọ̀n kún, ó ń dà sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un. Awakọ̀ ẹrù ni ọmọ náà, ọ̀nà jíjìn ló sì ń rìn. Bó bá lọ, ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó yọjú. Kó tó gbéra, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Mọ́mì, ìyàwó mi àti ohun tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ yín ni mo fi wọ́n sí o."

"Ọwọ́ Ọlọ́run lo fi wọ́n sí," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Èmi kàn ń bá a dì í mú ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ló ti jókòó sí èjìká rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi sọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n á padà wá béèrè rẹ̀.

Ìyàwó náà, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Ó lè pa ogún ọmọdé lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú ojú lásán, ṣùgbọ́n bó bá di ti ìyá ọkọ rẹ̀, "ẹ ṣeun, mà" nìkan ló máa ń rí sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ti Ìyá Oníwọ̀n, ayàwòrán kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó tẹ kámẹ́rà, ìbáà jẹ́ ìyàwó tuntun ló wà níwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ọmọlúàbí ni, aláwàdà ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun titun tí kì í wù ú. Nígbà tí ilé ìwòsàn kékeré kan kógbá sílé, òun ló ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú aboyún, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sikáànù. Ó gbé e sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sì kọ pátákó síta: Ẹ WÁ WO ỌMỌ YÍN KÓ TÓ WO YÍN.

Ìyá Oníwọ̀n ka pátákó náà lẹ́ẹ̀kan. Kò kà á lẹ́ẹ̀kejì kó tó lọ mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá.

Wọ́n wọlé. Ìyàwó dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn kan, níwájú aṣọ ńlá tí wọ́n ya òkè àti omi tó ń ya láti orí rẹ̀ sí. Rẹ́rìn-ín da ohun tútù kan tó ń yọ̀ bí ọṣẹ sí i níkùn, ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ náà lé e, ó sì ń tì í kiri. Ìkùukùu ló kọ́kọ́ hàn lójú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni imú kan yọ. Lẹ́yìn imú, ètè. Rẹ́rìn-ín gbàgbé ara rẹ̀, ó tẹ̀ mọ́ ikùn náà, ó ní, "Rẹ́rìn-ín díẹ̀." Títí dòní, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń búra pé ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ bú sẹ́kún. Ìyá Oníwọ̀n náà sunkún tirẹ̀, ó fi ìdí téèpù nu ojú, bó ṣe rí i pé téèpù wà lọ́wọ́ òun báyìí, ọkàn rẹ̀ bá sọ síbòmíràn. Ó dìde, ó lọ fi téèpù lé ojú ẹ̀rọ.

"Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe?" ni Rẹ́rìn-ín bi í.

"Mò ń wọn orí rẹ̀. Dì í mú bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kó yíjú."

"Mọ́mì, gíláàsì lẹ ń wọ̀n yẹn o!"

"Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi níṣẹ́ mi? Dì í mú, mo ní."

Aṣọ tí ọmọ náà yóò kọ́kọ́ wọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti rí i lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tuntun wá sí ilé ìsìn tí fìlà bò ó dé àgbọ̀n, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá ọmọ ló wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí elégédé. Ti ọmọ-ọmọ òun kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó lọ sílé, ó gé aṣọ.

Lọ́sẹ̀ kejì ó wá rò ó pé ọmọ á ti dàgbà. Wọ́n padà lọ. Lóòótọ́, ìwọ̀n ti yàtọ̀. (Bí Rẹ́rìn-ín ṣe fa àwòrán náà tóbi díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀?) Ìyá Oníwọ̀n tú aṣọ, ó tún un gé. Báyìí ló ṣe di pé gbogbo Sátidé ni ọmọ inú ń wọn aṣọ wò. Olùkọ́ ń sọ pé "ẹ ṣeun, mà," fọ́tò sì ń pọ̀ sí i lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òdòdó tí Rẹ́rìn-ín tẹ̀ yí i ká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, olùkọ́ jáde láti ilé ìwẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí."

"Ó pọ̀?"

"Kò pọ̀. Kò sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni."

Ìyá Oníwọ̀n kò bọ́ aṣọ ilé tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kejì sálúbàtà, wọ́n dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ibẹ̀, obìnrin kan tó ti gbẹ̀bí gbogbo àdúgbò náà tán, gbé ohun ìgbọ́ràn lé ikùn, ó gbọ́ ọkàn ọmọ tó ń sáré kì-kì-kì, ó sì mí kanlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ti dá.

"Ọmọ ń bẹ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ibi tí olóbi wà, èkejì ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún un. Ẹ ó ṣe sikáànù."

"A ti ṣe é, mà," ni olùkọ́ wí.

"Ẹ ti ṣe é? Ó dáa. Ẹ jẹ́ n rí i."

Olùkọ́ ṣí àpò rẹ̀, ó kó fọ́tò jáde tòun ti òdòdó. Nọ́ọ̀sì wo ti àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ yìí rẹwà. Olóbi dà?"

Olùkọ́ bojú wo ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ta ló ṣe é fún yín?"

"Rẹ́rìn-ín ni," ni Ìyá Oníwọ̀n sọ.

"Dókítà ni?"

"Ayàwòrán ni."

"Áà! Ìyá!" Nọ́ọ̀sì kó fọ́tò náà jọ, ó dá wọn padà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń dá ọmọ padà sẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Ẹni tó wo ojú onílé lójú fèrèsé kò tíì wọnú ilé o. Ẹni tó ń ṣe sikáànù wa kò sí níbí lónìí, ọ̀la àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ wá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ kílẹ̀ tó mọ́, ẹ má dúró kí ẹnikẹ́ni, ẹ sáré máa bọ̀."

Wọ́n padà sílé. Olùkọ́ sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Oníwọ̀n sáré yọjú síbi ìdánrawò àwọn akọrin, kí wọ́n lè bá a fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Ó sọ ọ́ fún wọn. Gbogbo wọn ṣe "Olúwa ṣàánú," àfi Baba Béèsì, ọkùnrin jórinjórin tí ohùn rẹ̀ ń jáde bí ìgbà tí wọ́n ń yí àgbá. Òun mi orí.

"Sikáànù kẹ̀? Ẹ ṣọ́ra o. Iná nìyẹn."

"Iná báwo?" ni Ìyá Oníwọ̀n bi í.

"Kí ló tún lè la awọ kọjá, kó la ẹran kọjá, kó lọ rí ọmọ níbi tó fara pa mọ́ sí, bí kì í bá ṣe iná? Èmi tí mò ń jó irin, gíláàsì dúdú ni mo fi ń bojú. Ọmọ inú ńkọ́? Gíláàsì dúdú wo ni wọ́n fún un? Wọ́n ń sè é bí ẹyin ni!"

"Baba Béèsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dẹ́rù bà wá," ni ẹnì kan wí.

"Mo ti sọ tèmi."

Orin bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Oníwọ̀n kò dúró. Bó ṣe ń lọ sílé, ó fẹ́ ka iye Sátidé tí wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ Rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka, nígbà tí ọwọ́ kan fẹ́ kún, ẹ̀rù bà á, ó fi ọwọ́ náà sínú àpò. Ohun tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ pé kó dì mú, òun fúnra rẹ̀ ló ti ń gbé e lọ síbi iná! Adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ó bá olùkọ́ níbi tó jókòó sí lórí ibùsùn, tó ń mu omi.

"Ìyàwó mi, a ò lọ mọ́ lọ́la."

"Ibo, mà?"

"Ibi sikáànù. Ọmọ yìí ti gba iná tó. A ó gbàdúrà, a ó dúró."

Olùkọ́ gbé ife omi sílẹ̀. Ìyá Oníwọ̀n ń retí "ẹ ṣeun, mà." Kò gbọ́ ọ.

"Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí."

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣe wá, gbogbo Sátidé la ń lọ. Ọjọ́ tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ náà la ò lọ mọ́?"

"Baba Béèsì ló sọ pé iná ni."

"Jórinjórin?"

"Ó mọ̀ nípa iná."

"Ó mọ̀ nípa irin, mà. Ẹ má bínú o, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ojú a máa purọ́. Èyí tẹ́ ẹ fi etí wọ̀n yìí ńkọ́?"

Ìyá Oníwọ̀n fọwọ́ kan téèpù ọrùn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti wọ ilé rẹ̀, kò gbọ́ irú ohùn yìí lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé aṣọ tí òun rò pé ó tú, ó rán gírígírí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ béèrè," ni olùkọ́ wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. "Abèèrè kì í ṣìnà."

"Màá dúró tì ọ́ o."

"Ẹ dúró tì mí."

"Tí ẹni tó ń ṣe sikáànù náà ò bá rí ọ̀rọ̀ mi dáhùn, ńṣe la máa dìde."

"A máa dìde, mà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè wọ́n wọ yàrá kékeré kan tó tutù, tí aṣọ fèrèsé rẹ̀ nípọn. Obìnrin tó ń ṣe sikáànù ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ojú ẹni tó máa ń sùn dáadáa. Olùkọ́ gorí ibùsùn. Kí obìnrin náà tó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, Ìyá Oníwọ̀n ti bọ́ sí àárín ẹ̀rọ àti ibùsùn, ó dúró bí òpó.

"Ọmọ mi, má bínú. Iná tó wà nínú nǹkan yìí, báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Kò sí iná tó ń lọ sára ọmọ, Ìyá. Kì í ṣe ẹ́síréè. Ìró ni."

"Ìró? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ ò lè gbọ́ ọ. Ó ga kọjá ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́."

"Ó ga ju ti àwọn obìnrin tó ń kọrin lókè nínú ẹgbẹ́ akọrin wa lọ?"

"Ó ga jù wọ́n lọ."

"Ó ga lóòótọ́ nìyẹn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ti kígbe sínú kànga rí, tí ohùn yín padà wá bá yín? Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rọ ń rán ìró lọ, ìró ń kan ọmọ, ó ń padà wá, a sì ń fi èyí tó padà ya àwòrán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ráyè kọjá."

Ìyá Oníwọ̀n kò yẹra. Ó wo ilẹ̀, ó wo téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wá sọ ọ́ tán: ọ̀rọ̀ Rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ Sátidé, ọ̀rọ̀ orí tó ń tóbi sí i.

"Ẹ ń wọn kí ni?" ni obìnrin náà bi í.

"Orí. Nítorí fìlà."

Obìnrin náà kọjú sí ògiri díẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó yíjú padà, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀, inúure ló kù.

"Ẹ gbọ́, Ìyá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ yìí fún àwọn aboyún, àwọn tó lò ó ò níye. Bí ẹni tó kọ́ṣẹ́ bá lò ó bó ṣe yẹ, a ò tíì rí ẹ̀rí pé ó pa ọmọ lára. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ìṣeré o. Bí ìró náà bá pẹ́ lójú kan, ó lè mú ara gbóná díẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lo agbára tó kéré jù lọ tó lè jẹ́ ká ríran, tá a bá sì ti rí ohun tá à ń wá, a ó gbọ́wọ́ kúrò. Ẹni tó ń dúró de ẹ̀rín ò mọ ìgbà tó yẹ kó gbọ́wọ́ kúrò."

"Ṣé mo ti ṣe é níbi?"

"Mi ò rí ìdí tí màá fi sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dá mi lójú pé ó léwu ni pé fọ́tò yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ẹ rò pé ẹ ti ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò, Ìyá. Ẹ jẹ́ n wo ohun tí wọ́n rán yín wá wò."

Ìyá Oníwọ̀n yẹra.

Iṣẹ́ náà kò pẹ́ rárá. Obìnrin náà kò wá imú, kò wá ètè. Ó wo ọkàn, ó wo omi tó yí ọmọ ká, ó fi ẹ̀rọ wọn orí àti egungun itan (Ìyá Oníwọ̀n na ọrùn nígbà tó gbọ́ "wọ̀n," ṣùgbọ́n kò yọ téèpù), lẹ́yìn náà ló dúró sí ìsàlẹ̀ ikùn.

"Òun nìyí. Olóbi jókòó sísàlẹ̀, ó bo ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ."

"Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?" ni olùkọ́ bi í.

"Bí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀nà ń ṣí, tí olóbi ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Ó lè pọ̀ kọjá agbára. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ báyìí, mímọ̀ ló ṣe pàtàkì. Àsìkò ṣì wà. Bí ilé ọmọ bá ń tóbi sí i, ó sábà máa ń fà á gòkè kúrò lọ́nà. Ẹ má gbé ẹrù wúwo, bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí oyún bá fẹ́ gbó, ẹ padà wá ká tún wò ó. Bí kò bá kúrò, a ó fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde kí ìrọbí tó dé."

"Ẹ ní ká tún wá ṣe sikáànù?" ni Ìyá Oníwọ̀n wí.

"Ẹ tún wá. Èyí nídìí."

Wọ́n jáde. Ìyá Oníwọ̀n kò yà sílé, ọ̀dọ̀ Rẹ́rìn-ín ló gbà lọ tààrà. Inú ayàwòrán náà dùn láti rí i.

"Mọ́mì! Sátidé ti dé?"

Ìyá Oníwọ̀n na fọ́tò kan sí i. "Fi olóbi hàn mí níbí."

Rẹ́rìn-ín gbé fọ́tò náà sókè, ó yí i, ó tọ́ka sí ìkùukùu kan, ó tún tọ́ka sí òmíràn. Níkẹyìn ó họ orí. "Mọ́mì, òtítọ́ ọ̀rọ̀, ojú nìkan ni mo mọ̀ ọ́n wá."

"Bí ìrọbí bá dé bá wa nílé ńkọ́, tá a gbẹ́kẹ̀ lé ojú yìí? Ó ti bo ọ̀nà, Rẹ́rìn-ín. Kò sí ọ̀nà."

Ọkùnrin náà jókòó. Kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Ọlọ́run mi. Mọ́mì, mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é, ìdí nìyẹn tí mi ò fi pariwo. Máa ya àwọn tó ti jáde síta. Wọ́n pọ̀ tó."

Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, kò sí pátákó lójúde mọ́.

Ìdúró wá bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá tẹ̀ láti mú ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀, Ìyá Oníwọ̀n á ti dé ibẹ̀ ṣáájú ọwọ́ rẹ̀. Ó ń pọn omi, ó ń fọ aṣọ, ó ń gbàdúrà sí Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ láìtan fìtílà, pé kó bá òun sún èkejì ọmọ sókè díẹ̀, bí ọwọ́ kan péré. Baba Béèsì ní òun ti gbọ́ pé ìró ni, pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá a jà.

Nígbà tí oyún gbó, wọ́n padà lọ. Ìyá Oníwọ̀n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó di ọwọ́ olùkọ́ mú, ó sì di ojú pinpin. Ó ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dún kẹ́rẹ́. Ètè rẹ̀ ń lọ.

"Ìyá," ni obìnrin náà pè é, "ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọ hàn dáadáa níbí o. Ẹ ò ní í wò ó?"

"Olóbi ńkọ́?"

Obìnrin náà ti ọwọ́ ẹ̀rọ lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn. Ọwọ́ olùkọ́ le nínú tirẹ̀.

"Ó ti gòkè. Ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ó lè bímọ fúnra rẹ̀."

Nígbà tí Ìyá Oníwọ̀n fi máa la ojú, omijé kò jẹ́ kó ríran. Nígbà tó fi máa nu omijé tán, ojú ẹ̀rọ ti ṣú dùdù.

"Ẹ ti pa á?"

"Mo ti rí ohun tí mò ń wá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Oníwọ̀n wí. Ó mú aṣọ ìnura, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ikùn ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbẹ, jẹ́jẹ́, láti òkè wá sísàlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ò tiẹ̀ rí i."

"Màá rí i. Ṣebí ọ̀nà ti ṣí."